Lẹ́tà Jeremáyà Kì Í Ṣe Tírà

Ẹsẹ Bíbélì kan wà tó ti di ohun ọ̀ṣọ́ nílẹ̀ wa. Ẹ óò rí i lẹ́yìn dánfó, lára kàlẹ́ńdà ìjọ, nínú ìwé ìpè ìgbéyàwó, lórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó mọ́ tán: Jeremáyà orí 29, ẹsẹ 11. Níbẹ̀ ni Ọlọ́run ti fi dá àwọn ènìyàn rẹ̀ lójú pé rere lòun ń rò sí wọn, pé òun kò gbèrò ibi, pé ọ̀la wọn ní ìrètí. Lálẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, nígbà tí àwọn tí kò ráyè wọlé bá ti ń gbé àga oníke sí ìta ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ yìí ni ọ̀pọ̀ pásítọ̀ fi ń ṣí ọdún tuntun. Ìtumọ̀ tí wọ́n ń fún un kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ìjọ kan sí òmíràn: wàhálà tó bá ọ, ọ̀tá ló rán an; Ọlọ́run ti pinnu láti yọ ọ́ níbẹ̀, kò sì ní pẹ́; tìrẹ ni pé kó o gbà gbọ́, kó o ṣe àmín tó dún ju ti ẹni tó jókòó tì ọ́ lọ, kó o sì máa wọ̀nà. Èrò yìí ti wọ̀ wá lára débi pé aláìnígbàgbọ́ là ń pe ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò. Síbẹ̀, ẹni tó bá fi sùúrù ka orí 28 àti orí 29 ìwé náà pọ̀ yóò rí i pé ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni Jeremáyà ń bá jà nígbà tó kọ ẹsẹ tí a gé yọ yìí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ̀bi nínú àríyànjiyàn ọjọ́ náà la wá ń fi sẹ́nu ẹni tó jàre.

Bí ọ̀ràn náà ṣe rí nìyí. Ní ọdún 597 kí a tó bí Jésù, Nebukadinésárì ọba Bábílónì gba Jerúsálẹ́mù. Kò wó ìlú náà nígbà yẹn. Ó kó Jekonáyà ọba, tí kò tíì lò ju oṣù 3 lọ lórí oyè. Ó kó ìyá ọba, àwọn ìjòyè, àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ó kó ohun èlò tẹ́ḿpìlì pẹ̀lú, ó sì fi Sedekáyà jọba lórí àwọn tó kù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo wọn, àti àwọn tó wà nílé àti àwọn tó wà nígbèkùn: ìgbà wo ni èyí máa tán? Hananáyà, wòlíì ará Gíbéónì, ní ìdáhùn. Ó dúró nínú tẹ́ḿpìlì níwájú àwọn àlùfáà àti gbogbo èrò, ó ní Olúwa ti ṣẹ́ àjàgà ọba Bábílónì, pé kí ọdún 2 tó pé, ohun èlò tẹ́ḿpìlì á ti padà, Jekonáyà á ti padà, gbogbo ìgbèkùn á sì tẹ̀ lé e wálé. Ẹ wò bó ṣe jọ ohun tí etí wa ti mọ̀: ó dá ọjọ́, ó dárúkọ, ó sọ ohun tí ojú máa rí. Àjàgà igi wà lọ́rùn Jeremáyà lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí àmì ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́. Hananáyà bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ lójú gbogbo èrò. Àwọn wòlíì orí tẹlifíṣọ̀n ìgbà tiwa kò tíì ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdáhùn tí Jeremáyà fún un kí ó tó ṣẹ́ àjàgà náà ló yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀. Àmín ló ṣe. Ó ní kí Olúwa jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, kí àwọn tí wọ́n kó lọ padà wálé lóòótọ́. Ọkùnrin yìí kò kórìíra ìrètí, kò sì dùn mọ́ ọn nínú pé ìyà ń jẹ àwọn ará ilé rẹ̀. Ohun tó fi kún àmín rẹ̀ ni pé wòlíì tó bá sọ àlàáfíà, ìgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣẹ la tó mọ̀ pé Olúwa ló rán an. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́ àjàgà náà, kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ó bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló padà wá pẹ̀lú iṣẹ́ tuntun, pé àjàgà igi tí Hananáyà ṣẹ́ ti di ti irin. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, Hananáyà kú. Àmín wa kọ́ ni mò ń bá wí. Ẹ̀kọ́ tí ń bẹ lẹ́yìn àmín náà ni, èyí tó sọ pé kò sí nǹkan kan láti ṣe láàárín òní àti ọjọ́ ìtúsílẹ̀.

Ìjà kan náà ló wà nínú lẹ́tà tí Jeremáyà kọ sí àwọn ìgbèkùn, tó fi rán Elásà àti Gemaráyà, àwọn ikọ̀ tí Sedekáyà ń rán lọ sí Bábílónì. Kí ẹnikẹ́ni tó dé ẹsẹ 11, ó ní láti kọjá lára ẹsẹ 5 sí 10, ibẹ̀ ni a sì máa ń fò. Jeremáyà ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n máa gbé inú rẹ̀. Kí wọ́n dáko, kí wọ́n jẹ èso oko wọn. Kí wọ́n gbéyàwó, kí wọ́n fọ́mọ fọ́kọ, kí wọ́n pọ̀ sí i níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa wá àlàáfíà ìlú tó kó wọn lẹ́rú, kí wọ́n máa gbàdúrà fún un, torí bó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni yóò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ó ní kí wọ́n má fetí sí àwọn wòlíì àti alálàá tó wà láàárín wọn. Ó wá dá ìgbà: 70 ọdún. Lẹ́yìn 70 yìí ni ọ̀rọ̀ ète rere wá jáde. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí a bá ka 70 náà láti ọjọ́ tí wọ́n ka lẹ́tà ọ̀hún sí wọn létí, ẹni tó jẹ́ ọmọ 30 ọdún lọ́jọ́ náà yóò pé 100 kí ọjọ́ náà tó kò. Ète rere tí Ọlọ́run ní fún un ni pé kó dàgbà, kó sì kú sí Bábílónì, nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, kí ọmọ ọmọ rẹ̀ lè rí ọ̀nà ilé. Ta ni nínú wa ni yóò lẹ ìyẹn mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀?

Àwọn tó gbọ́ ọ nígbà náà kò ṣì í gbọ́. Ṣemáyà, ọ̀kan lára àwọn wòlíì tó wà ní Bábílónì, fi ìbínú kọ̀wé padà sí àlùfáà ní Jerúsálẹ́mù, ó béèrè ìdí tí wọn kò fi tíì ti aṣiwèrè ará Ánátótì yìí mọ́ ààbà, ẹni tó ń kọ̀wé sáwọn pé ìgbèkùn yóò pẹ́, pé kí àwọn kọ́lé. Létí tirẹ̀, àìgbàgbọ́ ni ọ̀rọ̀ Jeremáyà. Ó yẹ kí èyí máa kọ wá lóminú, torí ohun tí Ṣemáyà sọ ni à ń sọ sí ẹni tó bá gba aláìríṣẹ́ nímọ̀ràn pé kó kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ná: “Má fi ẹnu rẹ kó bá mi, ìyanu tèmi ti dé tán.”

Ìtàn náà ti dá ẹjọ́ láàárín Jeremáyà àti Hananáyà. Jekonáyà tí Hananáyà dárúkọ pé yóò padà kí ọdún 2 tó pé, ọdún kẹtàdínlógójì ìgbèkùn rẹ̀ ni wọ́n tó yọ ọ́ lẹ́wọ̀n, gẹ́gẹ́ bí ìparí ìwé Àwọn Ọba Kejì ṣe wí, inú Bábílónì náà ló sì ti ń jẹun lórí tábìlì ọba. Kò tún fojú kan Jerúsálẹ́mù mọ́. Àwọn awalẹ̀pìtàn Jámánì tó gbẹ́ ààfin Nebukadinésárì ní Bábílónì rí àwọn wàláà amọ̀ tí akọ̀wé ààfin fi ń ṣírò oúnjẹ àti òróró. Ernst Weidner tẹ ohun tó wà nínú wọn jáde ní 1939. Orúkọ Jekonáyà wà níbẹ̀, wọ́n pè é ní ọba Júdà, wọ́n kọ iye òróró tí wọ́n wọ̀n fún un, wọ́n sì kọ tàwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin 5 tẹ̀ lé e. Ẹ fọkàn yàwòrán rẹ̀: ọmọ Dáfídì, tí wòlíì ti fi déètì dá lójú, ní ìdí ìwọ̀n òróró nílé ẹni tó ṣẹ́gun rẹ̀, ọdún ń gorí ọdún.

Wàláà mìíràn tún wà, ti àwọn tálákà, èyí tó tiẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn ju ti ọba lọ. Ní 2014, Laurie Pearce àti Cornelia Wunsch tẹ ìwé jáde lórí àwọn wàláà tó lé ní 100 tó jẹ mọ́ àwọn ará Júdà ní ìgbèríko Bábílónì, pàápàá ní abúlé kan tó ń jẹ́ Al-Yahudu. (Ọ̀nà tí wàláà wọ̀nyí gbà dé ọwọ́ àwọn olówó tó rà wọ́n kò mọ́, ẹni tó hú wọn nílẹ̀ kò jẹ́jọ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.) Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn jẹ́ ti ọdún 572 kí a tó bí Jésù, nígbà tí kò tíì pé 20 ọdún tí àwọn ará Bábílónì sun tẹ́ḿpìlì Jerúsálẹ́mù, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ti 477. Kí ló wà nínú wọn? Ọkà báálì tí wọ́n yá, ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n san, èso déètì tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ láti kó wá nígbà ìkórè, ilé tí wọ́n fi háyà, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí ní ìsàlẹ̀. Ọkùnrin kan ń jẹ́ Ahikamu. Òwò rẹ̀ hàn nínú wàláà lóríṣiríṣi, nígbà tó sì kú, àwọn ọmọ rẹ̀ 5 pín ogún. Àwọn ènìyàn yìí kọ́lé, wọ́n dáko, wọ́n fi nǹkan sílẹ̀ fọ́mọ. Orúkọ Ọlọ́run Ísírẹ́lì sì wà nínú orúkọ tí púpọ̀ wọn sọ ọmọ wọn, títí dé ìran ọmọ ọmọ. Mi ò lè sọ pé Ahikamu gbọ́ lẹ́tà Jeremáyà rí. Ohun tí mo lè sọ ni pé irú ìgbé ayé tí lẹ́tà náà ní kí wọ́n gbé ni irú rẹ̀ gbé, àti pé nígbà tí Kírúsì ọba Páṣíà ní kí ẹni tó bá fẹ́ padà máa lọ, ní 538, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí àwọn tó di ẹrù sí. Bí wọ́n bá ti gba ti Hananáyà, tí wọn kò gbéyàwó, tí wọn kò gbin nǹkan kan, nítorí pé wọ́n ń lọ lọ́túnla, ta ni ìbá kù láti padà? Ìlérí náà gan-an ìbá kú. Ibi tí àríyànjiyàn mi dúró lé nìyí: iṣẹ́ tí lẹ́tà náà pàṣẹ ni ọ̀nà tí ìlérí náà gbà ṣẹ. Ẹni tó bá gba ẹsẹ 11 tó kọ ẹsẹ 5 ti kọ méjèèjì.

Jeremáyà kò sì ní kí ẹlòmíràn ṣe ohun tí òun kò ní ṣe. Ní ọdún kẹwàá Sedekáyà, ogun Bábílónì ti yí Jerúsálẹ́mù ká, ìyàn ti mú nínú ìlú, wòlíì náà wà nínú àhámọ́ nínú àgbàlá àwọn ẹ̀ṣọ́. Hanaméélì, ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀, wọlé wá bá a pé kó ra ilẹ̀ òun ní Ánátótì. Ẹni tó bá ti ta ilẹ̀ rí mọ̀ pé kò sí ọjọ́ tó burú fún títà tó ọjọ́ tí ogun wà lẹ́nu ọ̀nà. Jeremáyà rà á. Ó wọn ṣékélì fàdákà 17, ó kọ ìwé, ó pe ẹlẹ́rìí, ó fi èdìdì dì í. Ìwé náà jẹ́ méjì, ọ̀kan ní èdìdì, ọ̀kan ṣí sílẹ̀. Ó fà á lé Bárúkù akọ̀wé rẹ̀ lọ́wọ́ lójú gbogbo ènìyàn, ó ní kó kó o sínú ìkòkò amọ̀ kó lè pẹ́, torí a óò tún ra ilé àti oko ní ilẹ̀ náà. Ìgbà tó ṣe gbogbo èyí tán ló tó gbàdúrà, àdúrà náà sì kún fún ìyàlẹ́nu: Olúwa, ìlú ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, o wá ní kí n ra ilẹ̀? Ó ti sanwó kó tó béèrè. Nínú gbogbo Bíbélì, n kò mọ ibi tí ìgbẹ́kẹ̀lé ti hàn kedere ju inú ìwé ilẹ̀ yìí lọ, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, èdìdì àti ìkòkò rẹ̀.

Ẹ gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ bí a ṣe ń gbé ayé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó gboyè jáde ti di ẹni tí kì í bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, torí físà ń bọ̀. Kò ní fi ọdún kan kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà tàbí iṣẹ́ télọ̀, nítorí ọdún tó ń bọ̀ yẹn, ibí kọ́ ni yóò bá a. Kí ènìyàn fẹ́ rìnrìn àjò kò burú. Ohun tó burú ni kí ó fi ọdún 8 jókòó lórí àpótí aṣọ tó ti dì, kó máa pè é ní ìgbàgbọ́. Àwọn mìíràn jẹ gbèsè, wọn kò jẹ́ jókòó ka iye tí wọ́n jẹ, wọ́n ń dúró de ẹni tí Ọlọ́run yóò gbé dìde. Ìjọ ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti dúró bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹni tí nǹkan bá ṣàdédé bọ́ sí lọ́wọ́ la máa ń pè síwájú kó wá jẹ́rìí. Ìyá tó fi ọdún 11 ta ẹ̀fọ́ títí ọmọ rẹ̀ fi ka ìwé tán kì í gba máíìkì, bí ẹni pé Ọlọ́run kò sí nínú ẹ̀fọ́.

Ní ti àìsàn, ọ̀rọ̀ náà gba ká fara balẹ̀, nítorí ìtàn tiwa wà níbẹ̀. Nígbà tí àrùn ọ̀fìnkìn apànìyàn ja gbogbo ayé ní 1918, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà Saint Saviour's ní Ìjẹ̀bú Òde, Joseph Shadare àti Sophia Odunlami lára wọn, kóra jọ fún àdúrà. Ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ti bẹ̀rẹ̀, tó di ọ̀kan lára orísun Ìjọ Aposteli Kristi lónìí. Wọ́n ní àdúrà làwọn yóò fi wo àrùn, àwọn kò fẹ́ oògùn. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín kò mọ ọjọ́ tí wọ́n wà. Ilé ìwòsàn òyìnbó kò ní oògùn kan tó ń pa àrùn náà ní 1918. 1921 ni wọ́n ṣàwárí insulin, 1928 ni Alexander Fleming ṣàkíyèsí ohun tó di penicillin. Àwọn ará Ìjẹ̀bú Òde ìgbà náà lo ohun tó wà lọ́wọ́ wọn: wọ́n pàdé, wọ́n gbàdúrà, wọ́n bẹ aláìsàn wò nígbà tí ìbẹ̀rù ń lé ènìyàn sá fún ẹnìkejì. Àwọn tó ń jogún orúkọ wọn lónìí, tí wọ́n ní kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru tàbí alátọ̀gbẹ kó oògùn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ láti fi hàn pé òun gbà gbọ́, kò ṣe bíi tiwọn rárá. Ohun tó wà lọ́wọ́ ni àwọn wọ̀nyí ń jù nù.

Wọn yóò bi mí pé, Òkun Pupa ńkọ́? Ṣé Mósè kò ní kí àwọn ènìyàn dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n wo ìgbàlà Olúwa? Ó ní bẹ́ẹ̀, ní ẹsẹ 13 nínú Ẹ́kísódù orí 14. Kí á ka ẹsẹ méjì sí i. Olúwa bi Mósè léèrè ohun tó ń ké pe òun fún. Ó ní kó sọ fún wọn kí wọ́n máa rìn lọ. Gbogbo òru ni afẹ́fẹ́ fi fẹ́ kí òkun tó pín, ẹsẹ̀ ara wọn sì ni wọ́n fi la àárín omi kọjá. N kò sọ pé ìyanu kò sí. Mo ní ìyanu inú Bíbélì kì í bá ẹni tó káwọ́ gbera jókòó ṣeré. Ti Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò tí a fẹ́ràn láti máa sọ, àwọn wo ni wọ́n? Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n, alábòójútó ní ìgbèríko Bábílónì. Wọ́n ti wá àlàáfíà ìlú náà bí lẹ́tà Jeremáyà ṣe wí, wọ́n sì mọ ibi tí iṣẹ́ ìlú pin sí, tí ìforíbalẹ̀ fún ère bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọba halẹ̀ iná mọ́ wọn, wọ́n ní Ọlọ́run àwọn lè gba àwọn, àmọ́ bí kò bá tiẹ̀ gbà wọ́n, àwọn kò ní forí balẹ̀. Gbólóhùn “bí kò bá tiẹ̀ gbà wọ́n” yẹn, ìgbà wo la gbọ́ ọ kẹ́yìn nílé ìṣọ́ òru?

Àtakò tó le jù kò ti ọ̀dọ̀ àwọn olùwòyanu wá. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bínú sí ìjọba ló ti ń wá, àtakò gidi sì ni. Wọ́n ní ẹni tó sọ fún ẹrú pé kó kọ́lé sí Bábílónì, ẹrú náà ló ń bá olówó rẹ̀ tù lójú. Wọ́n ní bí a bá ti pe ìyà ní ètò Ọlọ́run, kò sẹ́ni tó tún máa bá ẹni tó ń fìyà jẹni jà. Àwọn olóṣèlú wa kò sì ní ìwàásù tó dùn mọ́ wọn tó ìyẹn. Bó bá jẹ́ lẹ́tà orí 29 nìkan ni Jeremáyà kọ, n bá gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ó kọ òmíràn. Ní ọdún kẹrin Sedekáyà, ó kọ gbogbo ibi tó ń bọ̀ wá bá Bábílónì sínú ìwé kan, ó fi rán Seráyà, ìjòyè Sedekáyà, ó ní kó kà á jáde nígbà tó bá dé Bábílónì, kó so ó mọ́ òkúta, kó sọ ọ́ sínú odò Yúfírétì, kó sì sọ pé báyìí ni Bábílónì yóò rì tí kò ní léfòó mọ́. Ẹni kan náà ló ní kí wọ́n gbàdúrà fún ìlú náà, òun náà ló kọ ìdájọ́ rẹ̀. Kò fìgbà kan pe Nebukadinésárì ní ẹni rere. Pé Ọlọ́run lè ṣiṣẹ́ nínú ibi tí ènìyàn ṣe kò sọ ibi náà di rere, kò sì dá ẹni tó ṣe é láre.

Àjàyí Crowther, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ká máa ka Jeremáyà lédè wa, mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní 1821 ni àwọn akónilẹ́rú jó Òṣogùn, wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n tà á látọwọ́ dé ọwọ́ títí wọ́n fi kó o sínú ọkọ̀ Potogí kan ní Èkó. Ní oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì Myrmidon mú ọkọ̀ náà, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837 lórí bí wọ́n ṣe mú un, ó jẹ́ kó yé ẹni tó kọ ọ́ sí pé ọjọ́ burúkú lọjọ́ náà, síbẹ̀ òun ti kọ́ láti rí ojú rere Ọlọ́run nínú ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ṣé ó wá torí ìyẹn ní kí wọ́n má dá òwò ẹrú dúró? Ní 1841 ó bá wọn lọ nínú ìrìn àjò Odò Ọya, tí pípa òwò ẹrú rẹ́ wà lára ìdí rẹ̀. Ní 1851 ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń ro ẹjọ́ Abẹ́òkúta àti òwò ẹrú Èkó níwájú Palmerston, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ó sì rí Ọbabìnrin Victoria. (Ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ṣe sí Èkó ní ìparí ọdún náà, àti ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ ńlá mìíràn ni.) Kò rí ìtakora kankan láàárín pé Ọlọ́run lo ìgbèkùn òun àti pé kí òun má jẹ́ kí wọ́n kó ọmọ ẹlòmíràn nígbèkùn. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí kò lè gbé méjèèjì pọ̀ ti fúyẹ́ jù.

Àwọn kan ṣì máa sọ pé gbogbo akitiyan yìí, agbára ẹran ara ni, pé oore-ọ̀fẹ́ kì í bá iṣẹ́ pàdé. Èyí kò gba ìdáhùn gígùn. Àlá Fáráò tí Jósẹ́fù túmọ̀, ìfihàn ni. Ìdá márùn-ún ìkórè tó ní kí wọ́n máa kó pamọ́ fún ọdún 7, ìṣirò ni. Bó bá túmọ̀ àlá náà tí kò kọ́ àká, ìyàn náà ìbá pa wọ́n pẹ̀lú ìtumọ̀ tó péye lọ́wọ́. (Bí ìwé Jẹ́nẹ́sísì orí 47 ṣe wí, ètò kan náà ló sọ àwọn ará Éjíbítì di ẹrú Fáráò, ẹni tó bá fi Jósẹ́fù ṣe àwòkọ́ṣe, kó má fojú fo ibẹ̀.)

Ìbéèrè kan ló kù, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù. Bí ènìyàn bá kọ́lé, tó dáko, tó gbàdúrà fún ìlú, tí nǹkan sì tún bàjẹ́ ní ìkẹyìn ńkọ́? Hananáyà kò ní ìṣòro yìí; ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìdáhùn, pé ìgbàgbọ́ onítọ̀hún ni kò tó. Ìdáhùn yẹn ló ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì, kí ìyà kọ́kọ́ jẹ wọ́n, kí ìjọ tún wá dá wọn lẹ́bi. Bárúkù tó gbé ìwé ilẹ̀ sínú ìkòkò ráhùn nígbà kan pé àárẹ̀ ti mú òun. Ọ̀rọ̀ tí Jeremáyà jẹ́ fún un ni pé kó má wá ohun ńlá fún ara rẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ nìkan ni yóò rí gbà bọ̀ níbikíbi tó bá lọ. Ìlérí náà kéré, ó sì ṣẹ.

Crowther náà kò rí ìparí tó dùn. Ó ti tún ìyá rẹ̀ Afàlá rí ní 1846 lẹ́yìn ọdún 25, ó ti di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó ti fi ọdún púpọ̀ gbé iṣẹ́ Odò Ọya ró pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní 1890, nígbà tó ti lé ní 80 ọdún, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀sùn kan àwọn àlùfáà rẹ̀, wọ́n lé púpọ̀ nínú wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ìgbìmọ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí fún òru ọdún tuntun kò ní rí i nínú ọdún méjì tó kẹ́yìn ayé bàbá yìí. Ṣùgbọ́n àwọn ìjọ tó gbìn sí Bonny àti etí òkun Delta wà níbẹ̀, wọ́n ti ní ilé ìjọsìn, wọ́n ti ní ilé ìwé, wọ́n ti mọ bí a ṣe ń bójú tó ara ẹni. Ní 1892 wọ́n kọ̀ láti wà lábẹ́ àwọn tó dójú ti bíṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n dá dúró láàyè ara wọn, Dandeson, ọmọ Crowther, ló sì ṣe olórí wọn.